Ọmọbìnrin Ọṣòdì, Ìsọ̀ Ìyá Rẹ̀, àti Àwọn Ẹgbẹ́ Tó Ní Àwọn Ń Jà fún Un

Ẹgbẹ́ YWCA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin Kristẹni, ti wà ní Èkó láti ọdún 1906. Àwọn àgbà Èkó mọ ilé wọn ní òpópónà Moloney, níbi tí ọmọbìnrin tó wá ṣiṣẹ́ tàbí tó wá kàwé láìní ẹbí nílùú ti ń rí yàrá gbé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ẹgbẹ́ kan náà yìí gbé síwájú. Lọ́dún 1965, wọ́n dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láàárín dúdú àti funfun, wọ́n sì fi Dorothy Height, obìnrin adúláwọ̀, ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1970, wọ́n ti pinnu nínú ìpàdé àpapọ̀ wọn pé gbogbo agbára ẹgbẹ́ làwọn máa fi gbógun ti ẹ̀tanú àwọ̀ níbikíbi tí àwọn bá ti bá a pàdé.

Ká ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wá pàgọ́ sí Ọṣòdì lónìí, kí ni yóò rí ṣe? Lábẹ́ afárá láago mẹ́fà àárọ̀, dúdú ni ìyá oníbúrẹ́dì, dúdú ni agbèrò, dúdú ni ọlọ́pàá, dúdú náà sì ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba igbá lórí ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀ tó ń lé ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan lè wá sọ pé ká fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ká gbájú mọ́ bí ọmọbìnrin wa yóò ṣe dìde dúró. Èmi ò rò ó bẹ́ẹ̀. Tí a bá wo iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Èkó láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí di àsìkò yìí, a óò rí i pé ìjà àwọ̀ àti ìjà ọmọbìnrin ti lọ́ mọ́ra wọn tipẹ́, àti pé ibi kan náà ni iṣẹ́ wọn ti sábà máa ń wọ́: ibi tí wọ́n ti ya ọmọbìnrin kúrò lára ìsọ̀ ìyá rẹ̀.

Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ R. B. Blaize olówó, ló kó àwọn ìyáàfin Èkó jọ lọ́dún 1901 sínú ẹgbẹ́ kan tó ń polongo ìmọ́tótó, tó sì ń pín oògùn ibà. Òun kan náà ló ní ọkọ̀ èrò tó ń ná Èkó ní nǹkan bí ọdún 1913 sí 1915, nítorí náà ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ọkọ̀ èrò láti ìpilẹ̀ wá, kó lọ tún un rò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Oyinkan Abayọ̀mí dé. Lọ́dún 1927 ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó kàwé sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ń dáwó kí ìjọba lè kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ọmọbìnrin. King's College ti wà fún àwọn ọkùnrin láti 1909. Ọdún méjìdínlógún gbáko ló kọjá kí Queen's College tó ṣílẹ̀kùn lóṣù kẹwàá ọdún 1927, tòun ti ogún akẹ́kọ̀ọ́ péré.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀tanú àwọ̀ fún wọn. Nígbà náà, Ìkòyí jẹ́ àdúgbò òyìnbó. Iṣẹ́ ìjọba tó nípọn, òyìnbó ló ń ṣe é. Èyí tó bá sì bọ́ sọ́wọ́ dúdú, ọkùnrin ló ń gbà á. Lóṣù kejì ọdún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá nítorí pé bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti rán an wá. Ariwo ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan. Kò pẹ́ tí Gómìnà Richards fi pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin láwọn ibi tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àwọn tí ìwé ìtàn sábà máa ń dárúkọ nínú ìjà náà ni ọkùnrin oníwèé ìròyìn àti olóṣèlú, àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ti ń kọ̀wé sí ìjọba lórí irú ìyà bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń kiri. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Èkó kún fún ṣọ́jà àti atukọ̀ òkun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn ìyáàfin ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ọmọbìnrin tó ń kiri ẹ̀pà lè bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin burúkú. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ohun tí wọ́n fi wò ó ni mi ò gbà. Òfin tó dé lọ́dún 1943, tí wọ́n sì wá fi ọwọ́ líle mú ní Èkó lọ́dún 1946, sọ pé ọmọ tí kò bá tí ì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ tajà ní títì. Ọlọ́pàá ń kó ọmọ, ilé ẹjọ́ ọmọdé ń jókòó, ilé ìtọ́jú ń gbà wọ́n síbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé George tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Making Modern Girls, tó jáde lọ́dún 2014, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ fún ọmọbìnrin ní Èkó láìtíì kà á, mo rò pé ó ń kánjú.

Lójú ìyá ọmọ náà, kíkiri kì í ṣe ìwà ọmọ ìta. Ilé ẹ̀kọ́ òwò ni. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè, bí wọ́n ṣe ń mọ oníbàárà tí kò ní san gbèsè, bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu dídùn tajà tó fẹ́ bàjẹ́. Owó tó ń mú wálé ló sì tún ń gbọ́ bùkátà àwọn àbúrò. Ìjọba tó ń fi àwọ̀ yan ẹni tó lè sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ló wá ń kọ́ ìyá Èkó bí a ṣe ń tọ́mọ.

Alimọtu Pẹ̀lẹ́wùrà, ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko tí kò mọ̀wé, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, ti bá ìjọba fà á lórí owó orí obìnrin àti lórí iye tí ìjọba fẹ́ máa dá lé oúnjẹ lásìkò ogun. Awórì ni, bíi àwọn onílẹ̀ Ọṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé nígbà tí Oyinkan Abayọ̀mí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún 1944, wọn ò dúró sórí ìwé kíkà àti iṣẹ́ ìjọba nìkan. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìwé fún àgbà obìnrin kún un, wọ́n fi ẹ̀tọ́ ọlọ́jà kún un, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin láti tajà láìsí ìdíwọ́ kún un. Ìyáàfin ilé ńlá àti ìyá ẹlẹ́ja wá dúró sójú kan. Ìgbà bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́ lẹ́yìn wọn.

Ká sún mọ́ Ọṣòdì. Lóṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Fáṣọlá tú ọjà tó kún orí títì àti ẹ̀bá ojú irin ká. Ọkọ̀ ń lọ geere lẹ́yìn náà, gbogbo wa la yìn ín. Lóṣù kìíní ọdún 2016, ìjọba Aḿbọ̀dé wó ọjà Òwonífààrí, wọ́n ní kí àwọn ontajà kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pakodówó ní Bọ́ládé. Ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ sójú ibi tí ọjà Òwonífààrí wà ni Ààrẹ Bùhárí ṣí lóṣù kẹrin ọdún 2019. Láti ọdún 2024 sì ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ pupa ti ń gbérò ní Ọṣòdì. Ojú ìlú dára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù keje ọdún 2016 yẹn kan náà ni ìjọba tún gbé òfin ọjà títì ti ọdún 2003 jáde, pé àti ẹni tó tà àti ẹni tó rà lè san 90,000 náírà tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ọmọbìnrin kọminú sí èyí. Ìyá tó pàdánù ìsọ̀ kò dákẹ́ òwò. Ó pín ọjà rẹ̀ sínú abọ́ kéékèèké, ó sì gbé e lé orí ẹni tó lè sáré, ìyẹn ọmọ. Bí ìjọba bá wó ọjà lóṣù kìíní, ọmọ púpọ̀ sí i ló máa wà ní títì kí ọdún náà tó parí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Èkó fọwọ́ sí lọ́dún 2007 sì wà níbẹ̀ tó sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ kiri. Ọwọ́ kan ìjọba ń tì í sí títì, ọwọ́ kejì ń mú un ní títì.

Àwọn ẹgbẹ́ tó wà lónìí ńkọ́? Wọ́n pọ̀, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba. Project Alert bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, ó sì ṣí ilé ààbò fún obìnrin tí wọ́n ń lù nílé ọkọ nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pe irú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ilé. Mirabel Centre ṣí ní ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà lóṣù keje ọdún 2013, òun sì ni ibùdó àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n yan iṣẹ́ kan tó dára jù láàárín wọn, òun ni màá yàn. Dókítà wà níbẹ̀, olùgbani-nímọ̀ràn wà níbẹ̀, ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ máa fẹ́ rí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú UNICEF lọ́dún 2014, ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ti rí ìwà ìbálòpọ̀ ipá kó tó pé ọdún 18. Ikọ̀ ìjọba Èkó tó ń bójú tó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, ó sì di àjọ tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2021. Iṣẹ́ wà, nígbà náà.

WARIF, tí Dókítà Kẹ́mi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ní ibùdó tirẹ̀ ní Yábàá. Ohun kan tí wọ́n ṣe tí mo fẹ́ràn ni pé wọ́n kó àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ jọ, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè dá ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ mọ̀, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n máa rán an lọ. Ọgbọ́n gidi lèyí. Ìyá tó ń gbé ní Máfolúkù kò mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì Yábàá, àmọ́ ó mọ ìyá agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀. Action Health Incorporated ní Jíbówú ti wà láti 1989, ọwọ́ wọn sì wà nínú ẹ̀kọ́ nípa ara àti ìbálòpọ̀ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó ní nǹkan bí ọdún 2003, pẹ̀lú gbogbo ariwo tí àwọn ẹlẹ́sìn pa nígbà náà. Pearls Africa ti Àbísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, ń kọ́ ọmọbìnrin àdúgbò aláìní bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. CNN fi í sára akọni mẹ́wàá rẹ̀ lọ́dún 2018. Oríyìn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń jẹ owó, ó ń jẹ iná, ó sì ń fẹ́ kí ọmọ náà jókòó fún oṣù púpọ̀ láìmú owó kankan wálé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń retí ní Bọ́ládé pẹ̀lú owó omi inú ọ̀rá kò lè jókòó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́kọ́ bá ìyá náà sọ̀rọ̀ owó.

Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké àdúgbò ló kù, wọn ò sì lóǹkà: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti ìyàwó alága, ti ọmọ àdúgbò tó ti rí visa. FOMWAN, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó ti wà láti 1985, máa ń wọlé síbi tí àwọn yòókù kò lè wọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké yìí, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n ń ṣe. Tó bá ti di ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ọjọ́ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọmọbìnrin, wọ́n á gbé báńà wọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á pín páàdì, wọ́n á ya fọ́tò, olóyè á sọ̀rọ̀. Páàdì oṣù kan! Oṣù kejì, aṣọ àkísà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́ta, ti ọṣẹ àti ìlẹ̀kẹ̀ àti ìpara ojú, tí wọ́n máa ń fi ìwé ẹ̀rí parí. Ẹni tó bá ti wo bí Yorùbá ṣe ń kọ́ iṣẹ́ rí mọ̀ pé ọdún méjì, mẹ́ta, ni ọmọ fi ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, àti pé lọ́jọ́ náà ni ẹbí àti ọ̀gá ń wá ẹ̀rọ àti ojú ibi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí ò ní ẹ̀rọ nínú. Ọmọ náà á wá gba ẹ̀yáwó gbómúlélántà, kó tó ránṣọ àkọ́kọ́ tán, àwọn agbowó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti tún padà wá, Ìsọlọ̀ gan-an ni. Ọ́fíìsì ńlá NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ àti oògùn, ní Èkó wà ní ọgbà ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀, ní ẹ̀bá títì Ọṣòdì sí Àpápá. Lọ́dún 2023, àjọ náà kígbe síta pé ìpara abóra ti di àjálù ìlera lórílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n máa ń sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ó ní ìdá 77 nínú 100 obìnrin Nàìjíríà ló ń lò ó. Iye yẹn, àtúnsọ rẹ̀ pọ̀ ju àyẹ̀wò rẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú àwọn ìpara náà ni kò ṣe é jiyàn: mercury tó ń ba kíndìnrín jẹ́, hydroquinone tó ju òdiwọ̀n lọ, àti oògùn awọ ara tó yẹ kó jẹ́ pé dókítà nìkan ló ń kọ ọ́. Kò jìnnà sí ọ́fíìsì àjọ yìí tí wọ́n ti ń po àpòpọ̀ nínú ike láìsí orúkọ, tí wọ́n ń tà á fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pé yóò jẹ́ kó "tàn."

Òyìnbó ò sí lábẹ́ afárá, àmọ́ ìwọ̀n tó fi ń wọn ènìyàn ṣì wà nínú ọjà. Ọmọ náà kò fẹ́ di òyìnbó. Ó ti rí i pé àwọn tí wọ́n ń gbà sí iwájú báńkì, sí òtẹ́ẹ̀lì, sí ibi ayẹyẹ, kì í sábà jọ òun. Kò sì sí ẹgbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ tó gbé ọ̀rọ̀ ìpara sí àárín iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún NAFDAC, NAFDAC ò sì lè ṣe ju kó gbẹ́sẹ̀ lé ọjà lọ. Ìyá tó ń ta ìpara náà ńkọ́? Èrè rẹ̀ ló fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá ìpara jà ní Ọṣòdì ní láti lè sọ fún un ohun tí yóò máa tà dípò rẹ̀.

Ẹ̀yà tún wà nínú rẹ̀. Ní Ọ̀kọ́ta, ní Ájáò Estate, nínú ilé tí ìyá àti bàbá ti ń lọ síbi iṣẹ́ láago márùn-ún àárọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan wá láti Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun, àwọn kan láti Kútọnu àti Tógò. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ti ìkẹyìn yìí, "Ègùn yìí," "Àgànyìn yìí," kí ẹ tó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò kàn wá. Ọmọ ilé ń lọ sí lẹ́sìn. Ọmọ ọ̀dọ̀, tí ọjọ́ orí wọn jọ ara wọn, ń gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e. WOCON, ẹgbẹ́ obìnrin tí Bísí Ọlátẹ̀rú-Ọlágbégi dá sílẹ̀, ti ń pariwo lórí fífi ọmọ ṣòwò láti 1995, òfin tó dá NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, sílẹ̀ sì jáde lọ́dún 2003. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í wọ pálọ̀ olówó, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kì í sì í fẹ́ wọ̀ ọ́, nítorí pé olówó ilé náà lè wà lára àwọn tó ń dáwó fún ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Owó àwọn ẹgbẹ́ ńlá yìí, òkè òkun ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Owó Gẹ̀ẹ́sì ló wà lẹ́yìn Mirabel Centre nígbà tó bẹ̀rẹ̀; nígbà tí ètò yẹn parí, wọ́n ní láti máa wá owó káàkiri. Lóṣù kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, jìnnìjìnnì sì bo àwọn ẹgbẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Ẹni tó ń ti Wáṣíńtìnnì retí owó ni Wáṣíńtìnnì yóò máa sọ iṣẹ́ tó máa ṣe fún.

Bẹ́ẹ̀ owó kan wà nítòsí. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọṣòdì-Ìsọlọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀ ní Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá Ìsọlọ̀ àti Éjìgbò sílẹ̀ lọ́dún 2003 gẹ́gẹ́ bí agbègbè ìdàgbàsókè, wọn ò sì sí nínú ìwé òfin náà. Alága mẹ́ta, orísun owó kan. Lóṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n dìbò yan àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ obìnrin kan tó gbé ìwé lọ bá wọn pé kí wọ́n ya ìsọ̀ sọ́tọ̀, ní owó tí kò gun ni lápá, fún ìyá tó bá gbà láti mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní títì. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò wà ní Ìsọlọ̀. Yàrá kan níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì tó ti gba ẹ̀kọ́ bíi ti àwọn ará Mirabel, àti ọlọ́pàá obìnrin kan tó lè wá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó yẹ kí a lọ tọrọ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́wọ́ tí nǹkan wà yìí, ìyá ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Ṣógunlé ní láti pa òwò ọjọ́ náà tì, kó wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, kó tún padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àyẹ̀wò kejì, kó sì wá owó ọkọ̀ ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ kì í padà lọ lẹ́ẹ̀kejì.